Ilẹ̀ tó ń ṣòfò láàárín Ìlọrin: ohun tí ẹ máa ṣe kí ẹ tó da yẹ̀pẹ̀ síbẹ̀

Ilẹ̀ ò tíì tán nínú Ìlọrin o. Gbogbo èèyàn ń sáré lọ ra pílọ́ọ̀tì lẹ́yìn Ganmo, lẹ́yìn Okolowo, níbi tí kò sí iná tí kò sí ọ̀nà gidi, bẹ́ẹ̀ sì rèé láàárín ìlú níbí, ilé alámọ̀ tó ti wó lulẹ̀ wà, ilé epo tí wọ́n ti tì pa tipẹ́ wà, ọgbà ilé iṣẹ́ tí igbó ti bò wà, agbo ilé tó jẹ́ pé ìyá àgbà kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù síbẹ̀ náà wà. Àwọn ilẹ̀ yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá fún ẹ̀yin tí bàbá yín fi ilé sílẹ̀ ní Òkèlélé tàbí Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, tí ẹ ń gbèrò láti wó o kí ẹ fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù tàbí filáàtì. Ó ṣeé ṣe dáadáa, èrè sì wà níbẹ̀, torí iná, omi, ọ̀nà àti oníbàárà ti wà ńlẹ̀. Àmọ́ ẹ má tíì pe ayàwòrán ilé o.

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ìdí tó fi ṣófo

Ilẹ̀ tó wà lẹ́bàá títì ní Taiwo tàbí Tánkẹ, tí gbogbo ayé ń kọjá lára ẹ̀ lójoojúmọ́, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, kì í ṣe pé wọn ò rí i. Nǹkan kan ló dì í mú. Lójú tèmi, nǹkan mẹ́rin ló sábà máa ń jẹ́: ẹbí ò tíì fẹnu kò, tàbí ohun tí wọ́n kọ sórí ilẹ̀ náà níwèé ò bá ohun tí èèyàn fẹ́ kọ́ síbẹ̀ mu, tàbí ìjọba ti na ọwọ́ sí i (ọ̀nà, waya iná, odò, reluwé), tàbí kẹ̀ ilẹ̀ náà fúnra ẹ̀ lábàwọ́n nísàlẹ̀. Èyí tí ẹ ò bá wá lọ bá níbẹ̀rẹ̀, òun ló máa wá bá yín lọ́jọ́ tí bíríkìlà bá ti mọ búlọ́ọ̀kù dé lítẹ́ẹ̀lì.

Nítorí náà, ẹ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sán, lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn òjò ńlá. Ẹ bá ẹni tó ń ta nǹkan lójúkọ ibẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ bá fúlọ́kànáísà sọ̀rọ̀, ẹ bá àgbàlagbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé kejì sọ̀rọ̀. Wọ́n máa sọ fún yín pé "ilẹ̀ ẹjọ́ ni" tàbí "omi máa ń gbà á" kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan.

Kí ilẹ̀ jẹ́ tiyín, kí wọ́n sì gbà yín láyè láti kọ́lé, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Òfin ilẹ̀ 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́ gómìnà, nílùú ńlá gómìnà ló ń fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀, ní ìgbèríko ìjọba ìbílẹ̀ ló ń fún un, gómìnà náà ló sì ń kéde ibi tí ìlú ńlá dé. Ẹ̀yin tí ilẹ̀ yín wà ní Àjàṣẹ́-Ìpo tàbí Ọ̀rọ̀ tàbí Ọ̀fà, ẹ bèèrè ẹ̀gbẹ́ tí tiyín bọ́ sí, kí ẹ má lọ sanwó ìwé síbi tí wọn ò láṣẹ ẹ̀. C of O (ìwé ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ tí gómìnà ń fún èèyàn), bó ti wù kó dáa tó, ohun tí ẹ lè fi ilẹ̀ náà ṣe wà lára ohun tí wọ́n kọ sínú ẹ̀. Tó bá ní ilé gbígbé, ilé gbígbé ni. Tí ẹ bá sọ ọ́ di ilé ìtura láìtọrọ àyè, ẹ ti rú àdéhùn inú ẹ̀ nìyẹn, òfin sì gbà kí gómìnà gba ẹ̀tọ́ yẹn padà lórí ẹ̀.

Apá kejì ni òfin ètò ìlú. Ti ìjọba àpapọ̀ jáde ní 1992, tó ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kọ́ nǹkan láìgba ìwé àṣẹ, àmọ́ ní 2003 Supreme Court dá a nínú ẹjọ́ Èkó àti ìjọba àpapọ̀ pé ọ̀rọ̀ ètò ìlú, ìpínlẹ̀ ló ni ín. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ pé ohun tí ẹ gbọ́ pé wọ́n ń ṣe ní Èkó tàbí Àbújá kò kàn yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ti Kwara fún yín ní ọ́fíìsì ètò ìlú Kwara, kí wọ́n sì fi ìwé hàn yín.

Ìwádìí lórí ìwé

Ẹ gba sọ̀fẹ́yọ̀ tó ní òǹtẹ̀, kó lọ wo àwọn òpó ààlà, kó gba nọ́ńbà ibi tí òpó kọ̀ọ̀kan wà. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n máa gbé sórí máàpù ìjọba. Ẹ ní kí wọ́n wo ohun mẹ́ta fún yín: ṣé ìjọba ti gba ilẹ̀ náà fún nǹkan kan, ṣé survey (ìwé ìwọ̀n ilẹ̀) ẹlòmíì ò gun tiyín, layout (pláànù bí wọ́n ṣe pín ilẹ̀ àdúgbò) wo ló wà nínú ẹ̀ àti pé kí ni layout yẹn ní kí wọ́n fi ibẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí KW-GIS, iléeṣẹ́ ìjọba Kwara tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀, fún ìwádìí lórí C of O tó bá ní, kí ẹ mọ̀ bóyá wọ́n ti fi yá owó ní báńkì, bóyá ẹnì kan ti kọ̀wé lòdì sí i. Kwara náà ti ṣe másítà pláànù fún Ìlọrin, ẹ bèèrè bí àdúgbò yín ṣe rí nínú ẹ̀, torí ibi tó jẹ́ ilé gbígbé lónìí lè jẹ́ ibi tí wọ́n ti ya ọ̀nà ńlá gbà lórí pláànù.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún gan-an ni ilẹ̀ tó dáa jù nínú estate, èyí tó wà ní kọ́nà, tó tẹ́jú, tí koríko bò, tí àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀. Wọ́n á ní ó ṣẹ́kù ni. Àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìgbádùn àdúgbò tàbí fún ilé ìwé ni irú ẹ̀ máa ń jẹ́ lórí layout. Kò sẹ́ni tó lè tà á fún yín kó dúró, ìbáà jẹ́ ọmọ bíbí inú onílẹ̀.

Agbo ilé, sàréè àti ọ̀rọ̀ ogún

Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, kì í ṣe ọ́fíìsì ìjọba. Ẹjọ́ Ekpendu àti Erika tí wọ́n dá ní 1959 ti là á mọ́lẹ̀: mọ̀lẹ́bí tó bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ló tà. Olórí ẹbí tó bá dá a tà láìjẹ́ kí àwọn àgbà ìdílé gbọ́, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e tí wọ́n bá lọ pè é lẹ́jọ́. Nítorí náà, ẹ má gba ìwé tí Magaji (olórí agbo ilé) nìkan buwọ́ lù, ẹ má sì gba ti àwọn ọ̀dọ́ tó ní "bàbá ti gbọ́ sí i". Ẹ jẹ́ kí ìdí kọ̀ọ̀kan mú ẹni tó máa ṣojú wọn wá, kí lọ́yà wà níbẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò, kí orúkọ àti ìbuwọ́lù gbogbo wọn wà lórí ìwé kan náà.

Ní Ìlọrin, ìdílé tó ń pín ogún lọ́nà ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ọmọbìnrin ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ó ti relé ọkọ láti ogójì ọdún. Ẹ wá wọn kàn. Àǹtí kan tó ń gbé ní Minna tí ẹnikẹ́ni ò rántí lè wá dá iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ tí ẹ ń da déékì. Tí wọn ò bá tíì pín in rárá, kí wọ́n lọ pín in, kí ìwé ilé ẹjọ́ wà lórí ẹ̀, kí ẹ tó wọlé. Ẹ bèèrè bóyá apá kan jẹ́ wákàfù pẹ̀lú, torí ilẹ̀ tí bàbá àgbà ti yọ̀ǹda fún mọ́sálásí tàbí ilé kéwú, ẹ má wulẹ̀ dá a lé.

Sàréè ńkọ́? Agbo ilé àtijọ́ ò lè ṣaláìní in. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà tọ́ka sí ibi tí wọ́n wà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí sọ̀fẹ́yọ̀ yà wọ́n sórí ìwé, kí ẹ sì fi àyè yẹn sílẹ̀ bíi gbàgede tàbí ibi òdòdó. Ó san ju kí ẹ máa wá àṣẹ láti hú òkú, nǹkan tó máa dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó ti fẹnu kò tẹ́lẹ̀.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé tí ẹbí bá pọ̀, ẹ má rà á. Ẹ bá wọn kọ́ ọ. Kí ẹbí mú ilẹ̀ wá, kí ẹ̀yin mú owó wá, kí ẹ kọ ọ́ sínú àgíríméǹtì pé ṣọ́ọ̀bù báyìí tàbí filáàtì báyìí ni tiwọn, pé ọdún báyìí lẹ máa fi gba owó yín padà. Ìyá àgbà tó kù níbẹ̀ náà, ẹ kọ yàrá tiẹ̀ sínú ìwé, kó má jẹ́ ẹnu lásán. Tí ayálégbé bá wà nínú ilé, ẹ fún wọn ní nótíìsì tó bófin mu, oṣù mẹ́fà lòfin sábà máa ń fún ẹni tó ń san lọ́dọọdún. Ẹ má yọ páànù lé wọn lórí o, ẹ jọ̀ọ́.

Yíyí ìlò ilẹ̀ padà

Tí ìwé bá ní ilé gbígbé tí ẹ sì fẹ́ ṣọ́ọ̀bù, tàbí tó jẹ́ ilẹ̀ ilé iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi kọ́ filáàtì, change of use lẹ máa kọ́kọ́ béèrè, kí ẹ tó mú pláànù ilé wọlé. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ fi ẹ̀dà ìwé ilẹ̀, survey, rìsíìtì owó orí sí i, kí ẹ sì gba onímọ̀ ètò ìlú tó ní ìwé àṣẹ TOPREC (ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn onímọ̀ ètò ìlú sílẹ̀) kó kọ ìròyìn nípa ibẹ̀. Ìròyìn yẹn ló ń ṣiṣẹ́ jù. Kó sọ bí ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó, ohun tó yí ibẹ̀ ká, ọkọ̀ mélòó ló máa máa wá, ibi tí omi òjò máa gbà, bí ariwo ṣe máa tó fún aládùúgbò. Onímọ̀ tó kàn da ìròyìn ẹlòmíì kọ, tó yí orúkọ àdúgbò padà, wọ́n máa ń mọ̀ ọ́n.

Ohun tó máa ń gbé irú ìbéèrè yìí wọlé ni kí ẹ fi hàn pé ilé méjì mẹ́ta nítòsí ti jẹ́ ṣọ́ọ̀bù níwèé, kì í ṣe lójú lásán. Ohun tó máa ń pa á ni ọ̀nà tóóró. Àwọn òpópónà inú Gáà-Àkàǹbí tàbí ẹ̀yìn Ọjà Ọba tí ọkọ̀ méjì ò lè yà fún ara wọn, ẹ ò lè fẹ̀ ẹ́ fúnra yín, nítorí náà ẹ má retí kí wọ́n gbà yín láyè fún gbọ̀ngàn ìnáwó níbẹ̀. Ẹ béèrè fún nǹkan tó kéré: ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, ilé gbígbé lókè. Irú àdàlù yìí ló bá Ìlọrin mu jù lójú tèmi, òun náà ni àwọn bàbá wa ti ń ṣe ní Ìpátá àti Bàbókò kí pláànù tó dé.

Ẹ fi ìwọ̀n sí i

Kí ẹ tó fẹ́ràn ilẹ̀ kan, ẹ ṣírò ohun tó máa kù nínú ẹ̀. Pílọ́ọ̀tì tí gbogbo wa mọ̀, ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, bíi mítà 15 sí mítà 30 ni, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 450. Ká ní wọ́n ní kí ẹ fi mítà 6 sílẹ̀ níwájú, mítà 3 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan àti mítà 3 lẹ́yìn (ti àdúgbò yín lè yàtọ̀, ẹ bèèrè). Fífẹ̀ ti di mítà 9, gígùn ti di 21, ilé yín ò lè ju 189 lọ nílẹ̀. Kò tó ìdajì. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kò burú, àá gbé e sókè. Ó dáa, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńkọ́? Ọkọ̀ kan pẹ̀lú àyè tó fi máa yí, ẹ fi bíi mítà onígun mẹ́rin 25 sí i. Iwájú yín jẹ́ 6 sí 15, ìyẹn 90, ọkọ̀ mẹ́ta ló gbà, bóyá mẹ́rin tí wọ́n bá fún ara wọn. Ẹ̀gbẹ́ tó fẹ̀ ní mítà 3, ẹ ò lè yí ọkọ̀ níbẹ̀. Ṣé ẹ ti rí i pé iye ọkọ̀ ló ń sọ iye ṣọ́ọ̀bù tí ẹ lè kọ́, kì í ṣe iye àjà?

Wàyí o, ẹ gbé pílọ́ọ̀tì méjì tó fara kan ara wọn, ẹ dà wọ́n pọ̀ sórí survey kan, mítà 30 sí 30. Pẹ̀lú àyè kan náà tí ẹ fi sílẹ̀, ilé ti di 24 sí 21, ìyẹn 504. Tí ẹ bá kọ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, 378 ni àpapọ̀ wọn. Mítà onígun mẹ́rin 126 ni ẹ jèrè láìra ilẹ̀ kún un, torí àlàfo àárín méjèèjì ti lọ. Èyí ni mo ṣe ń sọ fún àwọn ẹbí tó ń pín ilẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ pé àwọn ń fi ọwọ́ ara wọn gé ilẹ̀ dànù ni.

Àwọn àlàfo mìíràn wà tí wọn kì í dúnàá-dúrà lé lórí. Títì ìjọba àpapọ̀, bíi èyí tó gba Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Òmù-Àrán, mítà 45.72 láti àárín ọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kà sí ti ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí ṣọ́ọ̀bù tó dàbí pé ó jìnnà sí títì fi máa ń ní àmì pupa lára. Waya iná náà (kV ni wọ́n fi ń wọn agbára iná inú ẹ̀): 330 kV gba mítà 25 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 132 kV gba 15, 33 kV àti 11 kV gba 5.5. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo ilẹ̀ ní agbègbè Ganmo níbi tí ibùdó iná mànàmáná ńlá wà, ẹ gbójú sókè kí ẹ tó gbójú sílẹ̀. Lẹ́bàá reluwé ní Ọ̀fà tàbí Ìlọrin, ẹ lọ bèèrè ààlà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ reluwé fúnra wọn. Ní etí odò Àsà, ní Amilẹ́gbẹ́ àti àwọn ibi tó súnmọ́ ọn, àmì omi lára ògiri ilé àtijọ́ ló máa sọ òótọ́ fún yín, ẹ wò ó, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n.

Ọ̀nà ẹsẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ń gbà kọjá nínú agbo ilé náà, ẹ fi sórí pláànù. Ẹ lè yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ má dí i.

Ohun tó wà nísàlẹ̀

Ilé epo àtijọ́: tánkì ṣì lè wà nínú ilẹ̀. Àjọ NMDPRA tí òfin epo 2021 dá sílẹ̀ ló ń mójú tó ọ̀rọ̀ ilé epo, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni ín kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ tánkì pẹ̀lú wọn kí ẹ tó san owó tán. Ẹ gbẹ́ kòtò bíi mẹ́ta káàkiri, ẹ bu yẹ̀pẹ̀, ẹ gbóòórùn ẹ̀, tó bá ń rùn bí epo, ẹ dúró, ẹ pe onímọ̀ yẹ̀pẹ̀, ẹ má sì gbẹ́ kànga síbẹ̀ rárá.

Agbo ilé: kànga tí wọ́n ti dí àti ṣálángá tí wọ́n ti bò ló pọ̀ níbẹ̀. Bíríkìlà máa da fáńdéṣọ̀n gorí ẹ̀ láìmọ̀, lẹ́yìn ọdún méjì ògiri á là. Ìyá àgbà yẹn mọ ibi tí gbogbo wọn wà, ẹ mú un rìn yí ilẹ̀ ká. Soil test (àyẹ̀wò yẹ̀pẹ̀) ò wọ́n tó owó títún ilé ṣe, pàápàá tí ẹ bá ń lọ sókè. Ẹ sì rántí ògiri aládùúgbò: ilé alámọ̀ ìgboro Ìlọrin fẹ̀yìn ti ara wọn. Tí ẹ bá wó tiyín lóṣù kẹsàn-án nígbà òjò, tiwọn lè bá a lọ. Ẹ dúró de ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi igi gbé ògiri wọn ró, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n má fi ibi tó ti là tẹ́lẹ̀ bi yín, kí ẹ sì ní kí IBEDC, iléeṣẹ́ iná, wá já waya kúrò kí ẹnikẹ́ni tó gun òrùlé.

Ilẹ̀ ńlá bíi ọgbà ilé iṣẹ́ yàtọ̀. Lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1992 yẹn, tí ilé gbígbé bá máa ju hẹ́kítà 2 lọ, tàbí ọ́fíìsì bá máa ju àjà mẹ́rin tàbí mítà onígun mẹ́rin 5,000 lọ, ìròyìn kíkún lórí àyíká gbọ́dọ̀ bá ìbéèrè lọ; níwọ̀n bí ètò ìlú ti jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ẹ bèèrè ohun tí ti Kwara sọ. Ẹ fi àkókò ẹ̀ sínú ètò yín.

Ìwé àṣẹ

Nígbà yìí ni ayàwòrán ilé ń wọlé. Òǹtẹ̀ ARCON (ìgbìmọ̀ àwọn ayàwòrán ilé) lórí yíyàwòrán, ti COREN (ìgbìmọ̀ àwọn ẹnjiníà) lórí irin àti kònkéré, survey, ìwé ilẹ̀, owó orí, ìwé change of use tí ẹ ti gbà. Owó ìjọba, àkáǹtì ìjọba ni kó lọ, kí rìsíìtì jáde. Ẹni tó ní kí ẹ fi sí àkáǹtì òun kí ó "bá yín yára ṣe é", owó yẹn ti lọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọn wá wo fáńdéṣọ̀n kí ẹ tó bò ó, kí wọ́n wá wo irin déékì kí ẹ tó da kònkéré, ẹ gba ìwé lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá fi ọ̀dà pupa kọ stop work sára ògiri yín, ẹ dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà, ẹ gbé fáìlì yín lọ. Àwọn tó ń fi alẹ́ ṣe é ni wọ́n ń wó. Tí ẹ ò bá tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ bèèrè bóyá ẹ gbọ́dọ̀ tún ìwé àṣẹ náà ṣe kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan.

Tó bá jẹ́ pé rírà lẹ rà á, ẹ má dúró kí ilé parí, ẹ lọ gba àṣẹ gómìnà lórí ìwé títà rírà náà, ẹ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí C of O gbé ìlò tuntun tí wọ́n fún yín. Ẹ tọ́jú gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan pẹ̀lú pláànù tí wọ́n buwọ́ lù. Tí ẹ bá fẹ́ fi ilé náà yá owó ní báńkì, tàbí ọmọ yín fẹ́ tà á lọ́la, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn.